Àwọn Abilà Abẹ́ Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Inú ń bí mi, mi ò sì tíì jẹun. Onífìlà Funfun – orúkọ tí mo fún kápẹ́n ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ti òkè òkun dé lọ́sàn-án – ti jẹ́ kí ajá rẹ̀ fò sórí èbúté kí n tó débẹ̀. Ajá ń tọ̀ sára òpó, àsíá yẹ́lò ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè. Ìtumọ̀ àsíá yẹn ni pé àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ò tíì yẹ ọkọ̀ wò, kí ohun ẹlẹ́mìí kankan má sọ̀kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ta á! Mo ní kó gbé ajá padà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni ajá kan ṣoṣo fẹ́ fi odidi orílẹ̀-èdè ṣe.

Kí ni ajá kan fẹ́ ṣe. Kí ni ọsàn kan fẹ́ ṣe. Tí mo bá kú, kí wọ́n kọ ọ́ sára sàréè mi.

Òfin wa ò kúkú le. Máa bọ̀ ní èbúté wa tààrà, má dúró níbì kankan lọ́nà. Kó èso àti ẹran tútù rẹ sílẹ̀ fún wa. Kí abẹ́ ọkọ̀ rẹ ti mọ́ kó o tó gbéra nílẹ̀ tìrẹ, torí ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́hùn-ún, inú omi tiwa ló máa wá bímọ sí. Ọmọdé á gbọ́ ọ yé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Onífìlà Funfun ti fẹjọ́ mi sùn. Fara-balẹ̀ (ọ̀gá wa ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn) ní ohùn mi ti le jù. Ajá yẹn gan-an gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Bọ̀dá wá sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé korobá wọlé, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi, omi ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.

Oko Bọ̀dá wà nínú omi, lẹ́yìn àpáta. Ìkarahun dúdú tí à ń jẹ ló ń sìn, lára àwọn okùn gígùn tí Bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kó tó kú. Òun ni Màámi ń jẹ, òun lọmọ Bọ̀dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń lọ síléèwé. Mo mú ọ̀kan. Àwọn ìkarahun kéékèèké kan ti bò ó mọ́lẹ̀, abilà, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn gbagidi. Mo là á. Tiwa tó wà nísàlẹ̀ ti kú.

Bọ̀dá pariwo débi pé àwọn tó wà lórí èbúté yíjú. Ó ní kí ni à ń jókòó síbí ṣe? Ó ní oorun là ń sùn. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Inú ọ́fíìsì yín níbí ló ti wá!" Fara-balẹ̀ ní kó fara balẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó fi korobá náà là á lórí.

Èmi náà iṣẹ́ mi nìyẹn – kí abilà má wọlé. Ó sì ti wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Yàrá àyẹ̀wò ti fèsì. Láti òkè òkun ni, abẹ́ ọkọ̀ ló gbé e wá. Gbogbo okùn oko náà la máa fà jáde, ká sun wọ́n. Ìjọba á ran olóko lọ́wọ́ láti tún bẹ̀rẹ̀ – àfi tó bá jẹ́ olóko fúnra rẹ̀ ló fà á. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin yẹn. Bọ̀dá á tún dìde.

Ṣùgbọ́n kápẹ́n tó ṣe èyí, màá wá a rí. Mo búra.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé Màámi. Bọ̀dá kọ ẹ̀yìn sí mi jẹun. Màámi ní, "Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni, tó o ò fi rí wọn?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Nǹkan kan ń rùn níbí. Kámẹ́rà tí a so mọ́ ọ̀pá ni mo fi ń wo abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń dé láti ìparí ọdún, ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ju àwo oúnjẹ mi lọ. Ẹni tó ti wà lójú agbami fún oṣù méjì, abẹ́ rẹ̀ ń dán! Àmì ìha tuntun wà lára ọ̀dà. Mo bi wọ́n. Ilé làwọn ti nu ún wá, ni gbogbo wọn ń wí, bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ sórí. Irọ́ ni. Ẹnì kan ń ha á fún wọn nítòsí. Ohun tó bá sì ń ha, inú omi wa ló ń já bọ́ sí, láàyè. Olúwarẹ̀ ò bá kúkú fọ́n wọn bí irúgbìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá àgbà kan àti ọkọ rẹ̀ dé nínú ọkọ̀ kékeré kan. Ọmọlúàbí èèyàn. Èso wọn wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti dì í fún mi. Mo ní abẹ́ ọkọ̀ yín mà mọ́ o. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọkùnrin tó bá àwọn nu ún lánàá lẹ́yìn àpáta, iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ó ní ọkùnrin náà ní àbúrò òun obìnrin ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì mọ gbogbo ibi tí kámẹ́rà rẹ̀ máa ń dé. Ó ní kí àwọn bá òun kí i.

Wọ́n kí mi.

Gbogbo ìbéèrè tí Bọ̀dá ń bi mí nídìí oúnjẹ Màámi! Ibo lẹ máa ń wò? Ṣé ẹ ń wo ẹnu ihò tí ẹ̀rọ ọkọ̀ fi ń fa omi? Mo rò pé iṣẹ́ mi ń wù ú ni. Inú mi máa ń dùn.

Ìrọ̀lẹ́ – mo lọ bá a. Ó ń lọ́ okùn. Irin ìha-nǹkan rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Mo bú u. Mo bú u débi pé ohùn mi há. Ó ní, Ìyá Òfin, kí ló burú níbẹ̀, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́? Òun bá yín jẹ́ kó mọ́ ni. Mo ní, "Orí oko ara yín lẹ ń dà wọ́n sí!"

Ó wo omi títí. Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, "Ṣé kì í kú ni, tó bá ti já bọ́?"

Òmùgọ̀. Ọ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Màámi pè mí. Ó ti gbọ́. Ó ní ta ló mọ̀ ní ọ́fíìsì yín, àwọn arìnrìn-àjò yẹn ti lọ. Ó ní tí mo bá panu mọ́, ìjọba á ran Bọ̀dá lọ́wọ́. Tí mo bá lanu, oko Bàbá parẹ́ nìyẹn. Ó ní ọmú kan náà lẹ mu.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ojú mi ni kò ríran. Lónìí, ẹnu mi ni kó dí. Inú ń bí mi sí Màámi. Mi ò rò pé mo kọ irú ẹ̀ rí láyé mi.

Tí mo bá dákẹ́ – ọkọ̀ míì á tún dúró lẹ́yìn àpáta. Àwọn olóko márùn-ún ló wà níwájú, níbi tí omi yẹn ń ṣàn lọ. Ṣé àwọn ò ní ìyá ni?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti sọ. Orúkọ Bọ̀dá, ti èmi, gbogbo rẹ̀. Fara-balẹ̀ ò ní kí n fara balẹ̀. Ó fa àga fún mi.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

A lọ fa okùn. Òmòòkùn wa ò mọ ìdí okùn àkọ́kọ́, èyí tí Bàbá so. Bọ̀dá dúró létí omi. Ó wo ọmọkùnrin náà bó ṣe ń wọmi lásán, tó ń jáde lásán. Ó bọ́ bàtà. Ó wọlé lọ.

Ó pẹ́ nísàlẹ̀. Ìgbà tó jáde, orí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, abilà bò ó dé ọrùn ọwọ́. Kò fún òmòòkùn, kò fún Fara-balẹ̀. Èmi ló nà án sí.

Ó ní, "Ìyá Òfin, fà á."

Inú ṣì ń bí mi. Mo fà á.