Jùbrílù, Ìyẹ̀fun Inú Ìgò Rẹ Ò Ṣiṣẹ́ Mọ́

Jùbrílù, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko, àwa ará ilé rẹ n'Íjẹmọ ò tíì mọ bí a ṣe ń pe orúkọ rẹ kí ohùn wa má yí padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo jáde nílé. Èkó lò ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ tó lè fi átọ́ọ̀mù han ojú wà, ìgò kékeré kan sì wà lápò rẹ. Tírélà kan já bíréèkì lójú ọ̀nà Papalanto, ó kọlu ọkọ̀ tí o wọ̀. Ìgò náà ò fọ́. Bàrákátù ẹ̀gbọ́n rẹ ni àwọn ọlọ́pàá kó o fún, pẹ̀lú bàtà rẹ.

Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fín jẹnẹrétọ̀ ti pa Yasir àbúrò rẹ àti ìyàwó rẹ̀ sórí ibùsùn lo ti ń wá ohun tí wọ́n lè kì sínú sàlẹ́ńsà, níbi tí ẹ̀fín rẹ̀ ń gbà jáde, tí yóò sọ májèlé inú ẹ̀fín di ohun tí kò lè pa èèyàn. O ní plátínọ́ọ̀mù, irin iyebíye kan, lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó wọ́n gógó. Ìyẹn lo ṣe ń sọ ọ́ di ṣùṣù kéékèèké lórí ìyẹ̀fun funfun kan, átọ́ọ̀mù díẹ̀ péré nínú ṣùṣù kọ̀ọ̀kan.

O wá da ìrẹsì sórí aṣọ tí Bàrákátù pàtẹ lọ́jà Ṣàpọ́n lọ́jọ́ kan, o ń to wọ́n jọ.

“Àǹtí, ẹ wò ó. Tí wọ́n bá pọ̀ jù lójú kan, àwọn tó wà láàárín ò ní í ráyè ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá sì kéré jù, wọn á di májèlé yẹn mú, wọn ò ní í jẹ́ kó lọ. Iye kan wà tó ṣe wẹ́kú. Ẹ fi ẹyọ kan kún un, iṣẹ́ rẹ̀ á yàtọ̀.”

“Kó ìrẹsì ẹ kúrò lórí ọjà mi,” ni Bàrákátù wí. Oníbàárà wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún títí dòní.

O rí iye náà, Jùbrílù. Ó wà nínú ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n Bàrákátù ò lè jẹ́ kí ìgò yẹn kúrò lọ́dọ̀ òun. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ páànù gbígbóná, ó ń nù ún láràárọ̀, nígbà mìíràn á sì ṣí i wò. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbà á, ó gbé e lọ fún Dókítà Hephzibah tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hephzibah pè é. “Alhaja, àwọn ṣùṣù yẹn ti sún mọ́ra wọn. Wọ́n ti di ṣùṣù ńlá. Wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Ṣé torí pé mo fi í pamọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Hephzibah gbìyànjú láti ṣe òmíràn. O kọ iye átọ́ọ̀mù sílẹ̀, o ò kọ bí ooru ààrò tí o fi ń sè é ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Orí rẹ nìyẹn wà. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣe é. Bí kò bá tóbi jù, á kéré jù. Lọ́dún tó kọjá, ó rí iṣẹ́ sí Kánádà, wọ́n sì ti yàrá ìwádìí yín pa.

Ummulkulthum ọmọ rẹ ti pé ọdún méje, iwájú orí rẹ gan-an ló ní. Aishat ìyàwó rẹ ń lọ síṣẹ́ l'Ékòó, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lójoojúmọ́, kì í sì í gba ọ̀nà Papalanto. A ti kan òrùlé ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé kí o tó lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wọ ibẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ tún pa obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ méjì ládùúgbò wa. Bàrákátù lọ kí wọn, ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Nígbà tó padà, Àlímátù ìyá rẹ bi í pé, “Ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe nǹkan yẹn ni?”

“Kò sí, Ìyá mi.”



Jùbrílù, a ò rí ìròyìn ayọ̀ mú wá fún ọ lọ́dún yìí. Iṣẹ́ rẹ ti parun, àwa la sì wà níbẹ̀ tó fi parun. Bàrákátù ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká má fi bò. Ó ní ká bá òun tọrọ àforíjì. Àárò rẹ ń sọ wá, ọdún ò dín in kù. A fẹ́ràn rẹ, a ò sì ní í yéé fẹ́ràn rẹ. Kí Ọlọ́run Ọba fi Alujánnà kẹ́ ọ.

Àwa ni: Àlímátù, Bàrákátù, Aishat, Ummulkulthum.