Igbó Tí Mo Kọ Sórí Ilẹ̀ Bàbá Mi

                                        Yàrá Kẹjọ, Òkè Kejì,
                                        Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ojú Ọjọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Keje.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti bàjẹ́.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ kí n máa wòkè. Ilẹ̀ gan-an ni mò ń wò. Inú kọ̀ǹpútà la ti ń pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí a ó sọ ohun tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: igbó, oko, omi tàbí ilé. Igi ń fa omi nílẹ̀, ó ń mí in sókè. Ilẹ̀ gbalasa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ bí òjò yóò ṣe rọ̀.

Nígbà tó kan ọ̀dọ̀ wa, ìkùukùu bo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè. Ó yẹ kí n béèrè. Èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, mo ní ta ló máa júwe ilé bàbá mi fún mi? Mo kọ igbó sí i, èmi tó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mi ò délé! Kọ̀ǹpútà ní òjò yóò tètè dé. Tayọ̀tayọ̀ ni mo pe bọ̀dá mi pé kí wọ́n yára gbìn. Gbogbo irúgbìn inú àká ni wọ́n kó sílẹ̀.

Òjò ò rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oòrùn nìkan. Mo sáré lọ síbẹ̀, mi ò bá igi kan. Àwọn agégẹdú ti gé gbogbo rẹ̀ tán tipẹ́. Kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ohun tí mo fún un jẹ náà ló bì. Bọ̀dá mi ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Má da ara ẹ láàmú. Ìwọ lo mọ̀wé, ṣáà sọ ìgbà tá a máa tún gbìn." Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo padà dé, mo yọ igbó kúrò, mo tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò ò sí lọ́dún yìí. Èyí tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ò tó nǹkan, ṣe ni yóò sì máa dín kù.

Àràárọ̀ ni bọ̀dá mi ń pè. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ìyàwó wọn ti lọ mú irúgbìn wá láti ilé bàbá tirẹ̀, wọ́n ti kọ ebè, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kù. Mi ò gbé ìpè wọn. Kí ni n ó sọ, pé kí wọ́n kúkú se irúgbìn náà jẹ?

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Ìwọ lo mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó le. Jọ̀ọ́, bá mi pe bọ̀dá mi.

                                        Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
                                        Oníṣirò.