Pàǹtí Tí Kò Tó Wọ̀n

Awoye,
Ọjọ́ Ajé.

Olúrẹ̀mí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ìyàwó ńkọ́, ṣé ọmọ ti ń rìn? Omi tó gbé ọ kúrò nílé yóò gbé ọ padà láyọ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, òkun sì ti tún jẹ díẹ̀ lára ilẹ̀ ìjọ wa.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé láti Àkúrẹ́, Kọ́lájọ lorúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ wọn pàǹtí ilé kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje, kí èyí tó ń lọ sí ààtàn ńlá lè dín kù, ó sì pín àpò fún wa. Lọ́jọ́ kìíní ó gbé tèmi kọ́ òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira, ó kọ òdo síwèé. Níbo ni n ó ti rí pàǹtí? Ike omi àti sílípáàsì tó já ló ń gbé àwọ̀n mi léfòó, pẹ́pẹ́yẹ ló ń jẹ ìfun ẹja, ìkarahun ni mo fi kún ẹrẹ̀ abẹ́ ilé ìdáná kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ti Moríkẹ́ aládùúgbò wa sì wúwo. Ojú tì mí, ọmọ mi. Wọn á ní ilé tí kò rí nǹkan dànù kò rí nǹkan jẹ, pé o kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi.

Nítorí orúkọ rẹ ni mo ṣe tú gbogbo ike ara àwọ̀n, mo hú ìkarahun, mo rọ wọ́n sínú àpò, mo sì ń tọrọ pàǹtí kiri kún un títí di ọjọ́ keje. Tèmi ló wúwo jù ní Awoye. Kọ́lájọ gbé fóònù sókè, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò, mo ní kó jẹ́ kí n wé gèlè ná, ó ní pàǹtí nìkan lòun ń yà. Mo ṣáà wé e.

Nígbà tó pe ìpàdé, iwájú ni mo jókòó sí. Ó ní ilé tí pàǹtí rẹ̀ kéré jù lọ́jọ́ keje ló gba àgbá omi òjò. Moríkẹ́ ló gbé e. Ó ní ọ̀dọ̀ mi lòun ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń lo nǹkan láì dà á nù, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọkọ̀ ìjọba ti kó ike mi lọ. Àwọ̀n mi ń rì, omi ń wọ ilé ìdáná, n kò rí ẹja pa láti ìjẹta. Jọ̀ọ́, kó ike omi àti bàtà tó já fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Igbókòdá, kí o sì fi owó ọkọ̀ ojú omi tì í. Wọ́n ní ẹ̀yin ará Èkó ní in lápọ̀jù. Bí kò bá sí nílé tìrẹ, má tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò o, ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run yóò máa gbé ọ léfòó, o kò ní rì.

Èmi ìyá rẹ,
Adétutù.