Díìsì Kan Ṣoṣo Tí Ẹ Kò Tì

Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti lọ, bàbá àwọn ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà, Dún-Níbi-Gbogbo! Orúkọ tí àwọn oníbàárà fún yín yẹn ni wọ́n ṣì fi ń pe ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń gba ohùn wọn sórí díìsì.

Àkọ́bí yín obìnrin ló ń bójú tó o báyìí. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n kò pa àṣà yín tì: díìsì kì í jáde níbẹ̀ àfi tó bá dún nínú ẹ̀rọ pálọ̀, tó dún nínú mọ́tò, tó sì dún nínú ògbólógbòó ẹ̀rọ olóríkunkun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá gbogbo ayé jà pé díìsì tí a kò bá tì, tí a kò fi ẹ̀rọ pa ẹnu rẹ̀ dé lẹ́yìn tí a gba ohùn sí i tán, ẹ̀rọ tó gbà á nìkan ló lè kà á! Èyí tí ẹ gba ohùn ara yín sí fún wa nígbà àìsàn yẹn, ẹ kò tì í. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ọ̀rọ̀ kù, ẹ sì lọ.

Láti ìgbà náà, inú ẹ̀rọ yín nìkan la ti ń gbọ́ yín. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọmọ yín ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tì í kí ẹ̀rọ yìí tó kú." Mo ní rárá. Mo ní bí a bá tì í, ẹ ò ní lè fi nǹkan kan kún un mọ́. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ òní, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ka díìsì yín. Ó tún kọ̀. Nígbà tó gbà, èmi fúnra mi ni mo ní kí ọmọ yín tì í. Bí iná bá lọ kó tó tì í tán, ohùn yín ṣègbé nìyẹn, gílóòbù òkè sì ń ṣẹ́jú. Ọmọ yín di èjìká mi mú. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mí títí ó fi parí.

A gbé e sínú ẹ̀rọ pálọ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Nínú mọ́tò, ẹ sọ̀rọ̀. Olóríkunkun kọ́kọ́ há, òun náà sì jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ ti ní "Ó ku ohun kan," tí ẹ wúkọ́, ibẹ̀ ló parí sí nínú gbogbo wọn.

Àárò yín ń sọ wá. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ yín gan-an. Ẹ sinmi, ọkọ mi. Ohun kan tó kù yẹn, pé ẹ nífẹ̀ẹ́ wọn, èmi ni n ó máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.