Ọmọ Alágbàfọ̀ Kọ̀wé sí Yunifásítì Márùn-ún

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn ilé yín láìsinmi lójú ọ̀nà? Bàbá ńkọ́? Àwọn ìbejì tí kì í jẹ́ kí ará ilé gbádùn oorun ńkọ́? Kí wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan o, torí mo mọ̀ ọ́: o máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ni, wàá ní "wọ́n kí gbogbo yín," ó tán. Iṣẹ́ tuntun tó o gbà ní ilé ìtajà oògùn yẹn náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń pàṣẹ fún àwọn tó o bá níbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Àwa náà wà níbí, ara le, a dúpẹ́.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. O ní kí n sọ fún ọ bí ọ̀rọ̀ yunifásítì ṣe lọ, kí n má fi nǹkan kan pamọ́, nítorí ìwọ náà fẹ́ kọ̀wé fún ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn kan níbi iṣẹ́ rẹ sì ti ń sọ pé ọmọ ọlọ́lá nìkan ni wọ́n ń mú. Torí pé n kò fẹ́ fún ọ ní àbọ̀ ìròyìn ni mo ṣe dúró. Ó ti pé báyìí. Wá ibi jókòó sí.

Àyè márùn-ún ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ọrọ̀ ajé ni mo kọ sí márààrùn-ún. O rántí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wa, Ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó sáré? Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo kọ, ńṣe ni wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní níbi tí mo fi ṣíwájú yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tó ń du àyè ọgọ́rin. Wọ́n ní kí n fi ọrọ̀ ajé sí méjì, kí n wá ohun tó rọrùn fún mẹ́ta tó kù, pé igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ní mo ti wò ó láti òkèèrè, sà, mo sì rí i pé kì í ṣe ojú mi ló dojú kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ibi tá a parí rẹ̀ sí ni pé kí n pààrọ̀ ẹ̀karùn-ún sí yunifásítì tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà ṣì jẹ́ ọrọ̀ ajé. Mo gbà. Kì í ṣe ẹ̀rù, ọgbọ́n ni.

Ohun tó fẹ́ pa mí ni ìwé tí wọ́n ní ká kọ nípa ara wa, ìdí tá a fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ: àgbáyé, ìdàgbàsókè, ọjọ́ ọ̀la àwọn orílẹ̀-èdè. Mo ní láti kékeré ni ọrọ̀ ajé àgbáyé ti gbà mí lọ́kàn. Irọ́ ni, Ẹlẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù àti ìjà ló gbà mí lọ́kàn ní kékeré, ìwọ gan-an lẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa, mo kà á sókè fún màmá mi bí wọ́n ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù òyìnbó kan. Wọn ò gbójú sókè títí mo fi kà á tán. Wọ́n wá gbé áyọ́ọ̀nù nàró, wọ́n ní, "Ó dáa o. Ta ni ọmọ yìí? Ṣé àdúgbò yìí ló ń gbé?"

Ó dùn mí wọra. Mo jáde, mo rìn yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, mo ya ìwé náà, torí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun tí mo kọ lẹ́yìn náà nìyí. O mọ alágbàfọ̀ tuntun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì wa. Bó ṣe dé báyìí, ìdajì iye tí à ń gbà ni òun ń gbà. Gbogbo èèyàn ní kí màmá mi gé tiwọn náà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Pátákó ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà: "Ọjọ́ tá a bá dá fún ọ laṣọ rẹ á jáde. Bí kò bá jáde, ọ̀fẹ́ ni." Mo rò pé a ti kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ tó ń wọlé lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ṣẹ́ẹ̀tì sọdá títì, aṣọ ibùsùn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kóòtù àti aṣọ ìyàwó ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, débi pé a ní láti kan irin ìfaṣọkọ́ míì mọ́ ògiri. Mo ní ìlérí tó dájú ni àwọn oníbàárà ń rà lọ́wọ́ wa, kì í ṣe aṣọ fífọ̀, àti pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí Ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ́ kà á, àmì ìdánudúró méjì péré ni wọ́n tún ṣe níbẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò ìṣirò wọn, ìyẹn ò dá mi lágara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yunifásítì tí mo fi ṣíwájú pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá mi lọ̀ débi pé ó lè dá nàró láìsí mi nínú rẹ̀. Àwa méje la jókòó sí yàrá kan tí àwọn àga ibẹ̀ ń ké béèyàn bá mí. Ọ̀kan nínú wa wọ kóòtù, ó ń ka orúkọ àwọn ìwé tó ti kà sí wa létí, ẹnu rẹ̀ ò sinmi. Mo wo ọrùn kóòtù náà, mo rí i pé áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù ti bà á jẹ́, ó ti ń dán. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Èèyàn méjì ni mo bá nínú: ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí wọ́n gé irun mọ́lẹ̀, àti akẹgbẹ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ka ìwé mi bí ẹni tó ń ṣa egungun ẹja. Ìyá náà bi mí pé bí gbogbo alágbàfọ̀ òpópónà wa bá gbé irú pátákó yẹn síta ńkọ́. Kíá, mo ní gbogbo wọn á jèrè.

Bàbá náà ò gbójú sókè. "Ó dá ọ lójú?"

Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo rí i pé kò dá mi lójú rárá. Mo lè jà fún un, o mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ." Wọ́n ní kí n máa kó o jẹ. Mo wá ń ro ó síta bó ṣe ń bọ̀: bí gbogbo wa bá gbé pátákó kan náà, pátákó ò ní í fi ẹnikẹ́ni hàn mọ́. Ẹni tó lè mú ìlérí ṣẹ àti ẹni tí kò lè mú un ṣẹ á rí bákan náà, àwọn oníbàárà á sì padà sídìí ẹni tó ń gba owó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti gbójú sókè.

"Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó sọdá títì, ṣé o kà wọ́n lọ́hùn-ún?"

Mo ní rárá.

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé pátákó màmá rẹ ló kó kóòtù wá?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo lè bi."

Nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń bọ̀, ìdajì ọkàn mi ní mo ti wọlé, ìdajì ní mo ti ba nǹkan jẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ló tóbi jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọdá títì lọ bá alágbàfọ̀ tuntun yẹn. Láti ọdún kan, màmá mi àti ọkùnrin náà ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ síra wọn. Mo ṣàlàyé ara mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí ìdì aṣọ ibùsùn. (Ṣé o rí i pé mo ti ń pè wọ́n ní "wọ́n" báyìí? Tẹ́lẹ̀, "ó" ni.) Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ibùsùn ni ẹ̀rọ àwọn mọ̀ ọ́n fọ̀ jù, ti ilé ìtura kan pàápàá wà lọ́wọ́ àwọn. Mo bi wọ́n nípa kóòtù. Wọ́n mi orí. "Kóòtù ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi. Ọ̀kan jó mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tí mo dé síbí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé kóòtù wá, ọ̀dọ̀ màmá rẹ ni mo ń júwe fún un."

Ẹlẹ́rìn-ín, ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tá a pè ní ọ̀tá wa ló ń fi oníbàárà ránṣẹ́ sí wa láti ọdún kan! Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbé ìdì aṣọ ibùsùn mẹ́ta tó ti ń pẹ́ lọ́wọ́ wa lé èjìká, àwọn náà sì sọdá lọ gbé e fún wọn.

Mo wá jókòó kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì pé ìdí tí mo kọ síwájú wọn kò pé, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́. Ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ́ bẹ̀ mí pé kí n má fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní èmi ti mọ̀. Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún tí mo fi dúró kò rọrùn, n kò ní í parọ́ fún ọ.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Méjì kọ̀ mí láìsọ ìdí. Ọ̀kan ò tíì fọhùn. Ẹ̀karùn-ún gbà mí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni èyí tí mo fi ṣíwájú dé: wọ́n gbà mí, bí mo bá gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò níbi ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé wa ní oṣù kẹfà. Lábẹ́ lẹ́tà náà, ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ pé: "A rí àtúnṣe rẹ." Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kà á tó ogún ìgbà.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n ní kí n wẹ ọwọ́ mi kí n tó tún fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n lánàá, Sátidé, ọjọ́ tí ọwọ́ wa máa ń dí jù, wọ́n ní a máa ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Kóòtù mẹ́fà wà tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ náà. A pín wọn gbé, mẹ́ta-mẹ́ta, a fẹsẹ̀ rìn kó wọn lọ sílé àwọn tó ni wọ́n. Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, bí màmá mi bá ti na aṣọ sí oníbàárà, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí ló gbé e wá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń gbé aṣọ yín yẹn." Ojú tì mí nílé àkọ́kọ́. Nígbà tá a fi máa dé ilé kẹfà, mo ti ń dúró kí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ̀rù ìdánwò ò bà mí. Bí ìwọ náà bá fẹ́ kọ tìrẹ, kọ ohun tí ojú rẹ rí nílé ìtajà oògùn yẹn, kó o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á. Má gbọ́ ti ọmọ ọlọ́lá. Mo bá wọn jókòó. Àga tí wọ́n jókòó lé náà ń ké.

Màmá mi kí ọ, Ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ́ náà kí ọ. Bá mi fa etí àwọn ìbejì. Mò ń retí lẹ́tà rẹ, kó gùn ju èyí lọ.

Tìrẹ lèmi, lójò, lẹ́ẹ̀rùn,

Oníṣirò.