Ọpẹ́ Tí Amatullah Kọ Sábẹ́ Iṣẹ́ Rẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Monrovia níbí, ní ilẹ̀ Liberia.

Lọ́dún yìí, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ wa kì í jókòó ṣèdánwò mọ́. Wọ́n ń kó fídíò àti iṣẹ́ wọn jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n fúnra wọn ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ oníṣòwò Yorùbá kan ní àdúgbò Bushrod Island, tí n ó máa pè ní Amatullah, kọ sábẹ́ gbogbo tirẹ̀ pé: "Kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe mi. Ọlọ́run àti olùkọ́ mi ló ṣe é."

Àwọn tó ń fún wọn ní máàkì kì í ṣe Yorùbá. Wọ́n ní ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹlòmíràn ló bá òun ṣe iṣẹ́ náà. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Bí kò bá tún un kọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, yóò tún ọdún náà kà.

Mo sọ fún Amatullah pé, "Kọ ọ́ pé ìwọ lo ṣe é. Òótọ́ ni."

"Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ni?"

"Ìwọ lo dúró níwájú kíláàsì."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ò gbà á."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù: "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń yin ọmọ tó bá moore?"

Inú ò bí mi. Mo kàn jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo láṣẹ láti wọ ojú ewé rẹ̀, kí n pa ọpẹ́ náà rẹ́, kí n kọ òmíràn sí i, kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án yóò di òótọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?