Màmá, Mo Ti Wọ Bàálù

Màmá mi àtàtà,

Ẹ bá mi yọ̀. Èmi ọmọ yín tí kò lè gun àga fi kọ́ kọ́tìnnì, mo ti wọ bàálù láti Àkúrẹ́ dé Àbújá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti tún tẹ ilẹ̀. Nínú yàrá Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí tábìlì tí wọ́n to ìlédìí ọmọ sí. Ó ti bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà pupa, orí rẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì ní ohùn. Tó bá ké, àwọn ará ilé kejì á mọ̀ pé ebi ń pa á. Mo mọ̀ pé ẹ̀ bá ti bèèrè ẹni tó jọ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ẹ̀yin ló jọ níwájú orí, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn àna wa gbọ́.

Kí n tó ròyìn ìrìn àjò náà, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti wà nínú mi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ bí Ìbùkún, àkọ́bí rẹ̀? Èmi ló yẹ kí n lọ wẹ ọmọ náà. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bímọ, ẹ̀yin lẹ ti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́, tẹ̀yin ti kàn-ìn-kàn-ìn àti àdín yín, tí ẹ ń wẹ ọmọ láàárọ̀, tí ẹ ń wẹ ọmọ nírọ̀lẹ́, tí ẹ sì ń fi omi gbígbóná jó mi níkùn bí ẹni pé mo ṣẹ̀ yín. Bó ṣe yẹ kí èmi náà ṣe fún ọmọ mi nìyẹn. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọkọ mi gbé mi dé pápákọ̀ òfuurufú. Mo jókòó, mò ń wo bàálù náà láti ojú gíláàsì, nígbà tí wọ́n sì ní kí á máa bọ̀, mo di apá àga mú. Màmá, n kò lè dìde. Nígbà tí mo máa fi dìde, ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé ni mo gbà jáde. Mo wá sọ fún gbogbo ayé pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ náà fún. Kí lẹ sì ṣe? Ẹ lọ sóko ní Bọ́lọ́rundúró, ẹ já ewé, ẹ gé èèpo igi, ẹ se agbo odindi ìkòkò kan, ẹ gbé e wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́ fúnra yín, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ẹ jókòó tì mí títí mo fi mu ife àkọ́kọ́ tán. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi mu agbo ibà láìní ibà. Ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Ẹ wá fi ọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ẹ ní ara mi ti ń tutù, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ta ló máa lè sọ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Ìyá ọkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ló wá wẹ Ìbùkún. Ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ ni ojú ń tì mí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ fi wá sílẹ̀, n kò sì tíì sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Àbí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn fi agbo yẹn jẹ mí níyà? Mo máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, torí mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́.

Ẹ̀rù òkè yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú ilé wa ní Oǹdó, èmi nìkan ni kì í jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú sí títì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsàlẹ̀ ni mò ń há mọ́ àwọn èèyàn, bí òkè tilẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yin lẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ní oṣù mi kò pé nígbà tí ẹ bí mi, mo kéré bí ọmọ ehoro, ìyá yín bá ní òun kò ní sọ mí sókè lẹ́yìn ìwẹ̀, kí egungun mi má baà yẹ̀. Gbogbo àwọn àbúrò mi ni wọ́n sọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì gbá wọn mú, kí àyà wọn má baà máa já. Kò sí èyí tí kì í gun igi nínú wọn. Èmi ni wọn kò sọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń di ẹ̀bi ru ìyá àgbà tó ti sùn tipẹ́, ó sì rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ wá sọ pé òun tún ti lóyún, mo sọ fún ara mi pé èyí kò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ní kí n gba ọ̀nà mọ́tò. Mọ́rẹ́nikẹ́ yarí. Ó ní pẹ̀lú àwọn ajínigbé tó wà lójú ọ̀nà yẹn, bí mo bá dán an wò, òun ò ní ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní agídí, èmi kọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí kò mọ ìṣirò, èèyàn kì í bú u, orí ení, èjì la ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe fún ara mi nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, mò ń wọ mọ́tò lọ sílé yín ní Oǹdó, mò ń gòkè, mo sì ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, mo di férémù mú ṣinṣin. Sátidé kejì, mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ní ìkẹrin, mo fi ọwọ́ kan irin, mo sì bojú wo ìsàlẹ̀. Àṣé ìyá oníbúrẹ́dì tó háyà yàrá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ yín ti ń ṣọ́ mi látọjọ́ yìí, tó rò pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ yí mi lórí.

“Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Màmá ti lọ sinmi, ẹ má fi tiyín kún un!”

Mo ní n kò fẹ́ bẹ́, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bàálù ni. Ó wò mí títí, ó wọlé, ó sì gbé àga gòkè wá fún mi. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹjọ, mò ń jẹ ẹ̀pà lórí àga náà, mo ń sọ èèpo rẹ̀ sí títì, mo sì ń kí àwọn tó ń kọjá. Ṣé ẹ rí mi? Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ ìrìn àjò, ọkọ mi gbé mi gba ojú ọ̀nà Ìlú-Àbọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnì, kò sì lọ. Ó ní òun á ṣì dúró díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo ní kó máa lọ sílé, mo wọ́ báàgì mi wọlé, n kò bojú wẹ̀yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ni mo ti kọsẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni mo di ìgò àdín sí, torí ọkàn mi kò balẹ̀ sí ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù. Èmi ni mo yan èkùrọ́ rẹ̀ fúnra mi lẹ́yìnkùlé, ọjọ́ méjì ni èéfín fi bá ojú mi jà. Ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù gbé ìgò náà sókè.

“Màmá, kí lèyí?”

“Àdín ni. Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ.”

“Ha, ẹ kú oríire o, Màmá. Àmọ́ kò lè bá yín wọlé. Nǹkan olómi tó pọ̀ tó báyìí, wọn kì í gbé e sọ́wọ́ wọ bàálù.”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, àwọn tó ń gba ẹrù sì ti palẹ̀ mọ́. Bí n kò bá fi ìgò sílẹ̀, kí n fi bàálù sílẹ̀.

Màmá, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Inú mi dùn. Mo dì mọ́ ìgò náà, inú mi sì dùn, torí mo ti rí nǹkan tí mo máa sọ. Ìyá wo ló ń lọ wẹ ọmọ láìmú àdín dání? Kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Mọ́tò ọkọ mi kò sì tíì jìnnà. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Mọ́rẹ́nikẹ́, àfi bí mo ṣe rí i pé irú ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀ ibà fún yín náà ni. Agbo yẹn korò lọ́fun mi bí ẹni pé àná ni mo mu ún. Mo gbé ìgò náà lé tábìlì. Mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi wo ìta bóyá ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀, kó gbé e fún un.

Ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó sọ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun rí ìgò, òun ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀, torí òun rò pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró títí bàálù fi gbéra.

Bí a ṣe gbéra, mo di ojú, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi láti orí A. Kí n tó kà wọ́n tán, wọ́n ti ń pín bisikíìtì. Mo jẹ tèmi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á dé, bàálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó já wálẹ̀ lójijì bíi pé ilẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì tún gbé wa. Mo pariwo. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pe Jésù. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, ọkùnrin náà sì wò mí bí wèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta géérégé, Màmá! Èmi ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, wọ́n ti wá sọ mí sókè, wọ́n sì ti gbá mi mú. Ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà pé mo ti dárí jì wọ́n.

Ọkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wá àdín lọ́jà níbí. Kò tó tèmi, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi kò gbàgbé nǹkan kan nínú ohun tí ẹ fi hàn mí. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fi aṣọ gbígbóná jó Mọ́rẹ́nikẹ́ níkùn, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ibà fún un. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ṣé ibà ló ń jẹ́ kí ẹ máa jókòó sísàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?” A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ó dun òun nígbà yẹn, pé òun sunkún. Mo ní mo mọ̀. N kò wá àwáwí kankan.

Láàárọ̀ òní, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ náà tán, mo fẹ́ da omi nù, ni Ìbùkún bá yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó ti bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀. Ó ní ó kan òun. Mo ní àgbà ti ń wẹ ara rẹ̀. Ó wá dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì bó ṣe rí i tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàsíà. Mo bu omi. Mo wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo fi àdín pa á lára títí ó fi ń dán. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ àti omi ojú mi dà pọ̀, kò sì mọ̀. Nígbà tí mo ní kó dìde, ó di ojú, ó ní òun ò tíì mọ́.

Mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.